Èmi, Gìtá Rẹ àti Oṣù Mẹ́ta Tí O Fún Mi

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ láti orí àga tí mo jókòó sí nínú ṣọ́ọ̀bù, mo sì gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ìlera, kí iṣẹ́ rẹ máa tẹ̀ síwájú, kí ọ̀gá rẹ máa fi ojú rere wò ọ́, kí yàrá kékeré tó ń gbé yín gòkè nínú ilé gíga yẹn má sì dúró sáàárín ọ̀nà nígbà tí o bá wà nínú rẹ̀, nítorí láti ọjọ́ tí o ti sọ fún mi pé kò ní fèrèsé ni mi ò ti yọ ọ́ kúrò nínú àdúrà òwúrọ̀ mi mọ́. Bàbá rẹ kí ọ. Orúnkún wọn ṣì ń dùn wọ́n bí òjò bá ṣú, ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹun dáadáa. Òrùlé ilé ìdáná tó ń jò, a rí ẹni tó tún un ṣe, ibòmíràn ló wá ń jò báyìí, a sì ti gbé korobá sábẹ́ rẹ̀. Adìẹ dúdú yẹn pa ọmọ mẹ́fà, ó kó gbogbo wọn wá sábẹ́ tábìlì tí mo fi ń géṣọ, àwọn oníbàárà mi sì ti mọ̀ pé àwọn gbọ́dọ̀ wo ilẹ̀ kí àwọn tó gbé ẹsẹ̀.

Jẹ́ kí n tètè dé orí ohun tó jẹ́ kí n mú bírò. O kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ pé láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti tú sìmẹ́ńtì funfun kúrò lọ́wọ́ òsì mi tó ṣẹ́, oṣù mẹ́ta ni o fún mi, pé bí ọwọ́ náà kò bá padà sẹ́nu iṣẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, kí n ti ṣọ́ọ̀bù, kí n ta máṣìnì, kí èmi àti bàbá rẹ kó wá sọ́dọ̀ rẹ nínú yàrá ẹ̀yìn lókè kẹta, èyí tí o ti kùn ní ọ̀dà dè wá. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló fà á. Bàbá rẹ ti gbà tipẹ́, wọ́n ní ibi tí àga bá ti wà, àwọn á jókòó. Èmi ni mi ò tíì dáhùn. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yìí láràárọ̀, mi ò sì mọ ohun tí màá máa fi ọjọ́ ṣe nínú yàrá tí ẹnikẹ́ni kò ti ní gbé aṣọ wọlé wá bá mi. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí oṣù mẹ́ta náà pé, nítorí náà fara balẹ̀ kí o gbọ́ bí gbogbo rẹ̀ ṣe lọ.

Nígbà tí wọ́n tú sìmẹ́ńtì náà, ọwọ́ tó jáde kò jọ tèmi. Ó tín-ín-rín, ó gbẹ, ìka rẹ̀ sì le gbagidi. Ìwọ tí o dàgbà sídìí máṣìnì mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún ló ń gba ìyìn, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ló ń darí aṣọ lọ sábẹ́ abẹ́rẹ́. Bí kò bá lè di aṣọ mú kí ó sì tún rọra fi í sílẹ̀, ìlà òwú á wọ́ bí ẹni tó sùn tó ń kọ̀wé. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ọwọ́ ní ilé ìwòsàn, ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọjọ́ orí rẹ lọ, ní kí n fún òun ní nọ́ńbà kan láti ení dé ẹẹ́wàá, kí òun lè mọ bí ó ṣe ń dùn mí tó. Èmi mọ̀ pé wọ́n á ná an wálẹ̀ bí ọjà, nítorí náà mo pe ẹẹ́wàá. Bí ó ṣe dìde nìyẹn tí ó fẹ́ sáré lọ pe dókítà. Mo ní kí ó padà wá jókòó, kí ó sọ iye tí òun fẹ́ mú un. Ó ní òun kò mú nǹkan kan. Mo ní ó dáa, nítorí pé ojú rẹ̀ tutù, kí ó mú un ní mẹ́fà. Ó wò mí títí, ó sì kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. A ti bọ́ sí méjì báyìí, ó sì ń bá mi yọ̀, mi ò kàn mọ ohun tí òun ń rí nínú ọjà tí èmi nìkan ń pàdánù.

Nọ́ọ̀sì yìí náà ló fún mi ní bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré kan pé kí n máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá fi wákàtí kan jókòó sídìí máṣìnì, apá aṣọ méjì á wà nílẹ̀ tí mo lè fi han ènìyàn, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù yìí, bí mo ṣe bá a ni mo ṣe fi í sílẹ̀. Mo gbé e padà fún un, mo ní mi ò lè ṣe iṣẹ́ tí kò ní aṣọ nínú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tí òun ń wá ni kí ìka kọ̀ọ̀kan máa dá ṣiṣẹ́ ara rẹ̀, ó sì bi mí pé kí ló wà nílé. Mo ka gbogbo ohun tó wà nílé fún un, títí mo fi dé orí gìtá rẹ tó wà lórí ìṣó nínú yàrá rẹ láti ọjọ́ tí o ti lọ. Ó ní kí n dúró níbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o bá mi wá ẹni tó lè kọ́ mi, tí o sì fi fóònù tuntun ránṣẹ́ láti ọwọ́ awakọ̀, pẹ̀lú obìnrin tó ń kọ́ni ní gìtá nínú rẹ̀. O ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójoojúmọ́ ti tó. Mi ò ní parọ́ mọ́ obìnrin náà, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, kì í sì í pẹ́ dé. Kí n tó jí ni yóò ti kọ ọ́ sójú fóònù pé ọjọ́ tuntun ti dé, ṣé mo ti ṣe tán. Mo máa ń kọ́kọ́ kí i, mo máa ń béèrè àlàáfíà àwọn ará ilé rẹ̀, kò dá mi lóhùn rí, mo sì gbà pé ọmọ iléèwé rẹ̀ ló pọ̀. Mi ò sì jókòó níwájú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìdáná rí.

Ohun kan ṣoṣo tí mo ní í sọ sí i ni pé ó ń ṣe ojúsàájú. Bí mo bá ta okùn gìtá tó sì bọ́ sí i, iná aláwọ̀ ewé á tàn, bí kò bá bọ́ sí i, iná pupa ni. Ó ní kí n ta okùn tó nípọn jù, mo ta á, ó tan pupa. Mo tún un yí, mo tún un ta, pupa. Mo fà á le bí mo ṣe ń fa òwú máṣìnì le, okùn já, ó fò mọ́ mi létí. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń wá ohùn yìí. Ní ọjọ́ kan bàbá rẹ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n wúkọ́, iná aláwọ̀ ewé tàn rekete, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ kú iṣẹ́, ẹ ti gbà á. Mo sọ fún un pé ẹni yẹn kì í ṣe ọmọ iléèwé rẹ̀, pé ọkọ mi ni, kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn. Láti ìgbà náà, bí bàbá rẹ bá ti fẹ́ wúkọ́, wọ́n á kọ́kọ́ bi mí pé ṣé fóònù wà nítòsí.

Mo wá fẹ́ sọ ibi tí mo ti ṣìṣe fún ọ, mi ò ní fi pamọ́. O mọ bí a ṣe ń rán aṣọ púpọ̀. Bí ọgọ́ta yúnífọ́ọ̀mù bá wà nílẹ̀, a kì í rán ọ̀kan tán kí á tó mú èkejì. Ọjọ́ Ajé la máa gé gbogbo rẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ti apá, Ọjọ́rú ni ti kọ́là àti àpò, Ọjọ́bọ̀ ni ti ihò bọ́tìnì, bí ó bá di òpin ọ̀sẹ̀, a ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí mo ṣe ń rán aṣọ láti ọdún wọ̀nyí wá nìyẹn, mi ò sì rí ìdí tí gìtá fi máa yàtọ̀. Mo pín in. Ọjọ́ Ajé, ìka ọwọ́ òsì nìkan ni mo fi ń tẹ okùn, mi ò ta ohunkóhun. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọwọ́ ọ̀tún ń ta okùn, mo fi ọwọ́ òsì sápò. Ọjọ́rú, mo gbé gìtá kọ́ sórí ìṣó, mo ń wo àwòrán ibi tí ìka ń jókòó sí nínú fóònù. Ọjọ́bọ̀, mo ń fi ẹsẹ̀ ka oókan dé ẹẹ́rin mọ́lẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Bàbá rẹ bi mí láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé kí ni mò ń ṣe, mo ní gìtá ni mò ń kọ́.

Nígbà tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo gbé gìtá lé itan, mo ní ó yá, ẹ so pọ̀. Ọmọ mi, wọn ò mọ ara wọn rí. Ọwọ́ ọ̀tún ti gbéra ó ń lọ, ọwọ́ òsì ṣì ń wá ibi tí yóò jókòó sí, ẹsẹ̀ sì dúró kí ó lè gbọ́ ohun tí àwọn méjèèjì máa sọ. Mo tú u, mo tún un bẹ̀rẹ̀, kò so. Obìnrin inú fóònù kò sì ka Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ mọ́ iṣẹ́ rárá, ó ní òun ò gbọ́ ohùn mi. Mo wá gbà fún un, mo ń ṣe ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí o wí lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n màá jẹ́wọ́ fún ọ pé ohun tí mo ti mọ̀ ni mò ń ta nínú ìṣẹ́jú náà, nítorí iná aláwọ̀ ewé yẹn ti wọ̀ mí lójú. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni mo kó jọ bẹ́ẹ̀, ó ń kà á fún mi, ó ń yìn mí, mi ò sì tíì lè ṣe ohun tó le kankan.

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ mọ́kàndínlógún yẹn, ilé ìwòsàn ni mo wà láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Mo fi fóònù sílé nínú dúróà, kí wọ́n má baà jí obìnrin náà mọ́ mi lọ́wọ́ nínú mọ́tò. Nígbà tí mo padà dé, ó ti pa gbogbo ọjọ́ mọ́kàndínlógún náà rẹ́, òdo ló kọ síbẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un. Mo mú káàdì ilé ìwòsàn, mo gbé e sí ojú fóònù níbi tí òǹtẹ̀ wà, kí ó lè rí i fúnra rẹ̀. Kò yí padà. Ọ̀gá iléèwé tó le jù ní ìgbà tí o wà ní kékeré ṣì máa ń gba ìwé àyè.

Inú bí mi díẹ̀, ohun tó sì jẹ́ kí n ṣe àṣìṣe kejì nìyẹn. Mo ní kò ní rí ẹ̀sùn kà sí mi lẹ́sẹ̀ mọ́, màá san ti ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́nà méje, ó jẹ́ wákàtí kan àti ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, mo tún fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣe èènì fún un kí ó lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú mi. Wákàtí méjì gbáko, láìdìde, ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó tún dún pé ṣé mo ti ṣe tòní. Mo ní kí ó lọ wo ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló jẹ mí níyà. Ìka mi wú. Mo fẹ́ gbé ife tíì, ife bọ́ lọ́wọ́ mi, ó fọ́, ọwọ́ náà sì ń dùn mí débi pé mi ò lè pe iye kankan fún nọ́ọ̀sì.

Ẹ̀rù bà mí. Mo jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ra, mo sì sunkún. Kì í ṣe ìrora ló pa mí lẹ́kún. Mo rò pé mo ti fi ọwọ́ ara mi ba ìyókù jẹ́, pé o máa wá kó wa lóòótọ́. Mo rí ara mi níbi fèrèsé yàrá ẹ̀yìn yẹn tí mo wà lókè, tí mò ń wo aṣọ tí àwọn ẹlòmíràn rán lára àwọn tó ń kọjá nísàlẹ̀, tí mò ń sọ fún bàbá rẹ pé èjìká tẹni yẹn kò bọ́ sí i.

Ibẹ̀ ni onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi bá mi, ó kan ilẹ̀kùn, ó fẹ́ yá àlùmọ́gàjí. O rántí rẹ̀, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Kò-kánjú, nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ gẹrun lọ́dọ̀ rẹ̀ máa ń gbé oúnjẹ ọ̀sán dání. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ta gìtá fún ọdún mẹ́sàn-án pẹ̀lú àwọn onílù kan kí ó tó mú abẹ. Ó wo ìka mi, kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé wákàtí mélòó, mo sọ fún un, inú mi tilẹ̀ dùn díẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó ní bí òun bá gẹ orí ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejìlá lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ṣé onítọ̀hún kò ní nílò àti wá mọ́ títí ọdún á fi yí po. Mo ní rárá, irun á tún hù. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ọwọ́, pé ìgbà tí mo bá gbé gìtá kọ́ ni ìka ń jókòó ro ohun tí mo kọ́ ọ, pé bí mi ò bá fún un láyè ronú, kò ní mọ ohun tí mo sọ.

Ó mú páálí abẹ, ó ya á, ó kọ ètò sí ẹ̀yìn rẹ̀ fún mi. Ó ní kí n má fọwọ́ kan gìtá títí tí ìwú á fi lọ. Lẹ́yìn náà, ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀ kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, márùn-ún lọ́sàn-án. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí ó di mẹ́jọ mẹ́jọ, ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mẹ́wàá mẹ́wàá, kí ó sì dúró síbẹ̀ títí nọ́ọ̀sì á fi ní kí n fi kún un. Ó ní ohun tí mo kórìíra jù ni kí n fi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí kò tíì rẹ ọwọ́, kí n fi èyí tí mo mọ̀ parí kí inú mi lè dùn, kí n sì gbé e kọ́ nígbà tí mo ṣì fẹ́ ta á. Ní ọjọ́ Àìkú, kí n má wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo bi í pé báwo ni obìnrin inú fóònù yóò ṣe gbọ́ ti ọjọ́ Àìkú yìí, ó ní òun fúnra òun á bá a sọ ọ́. Ó sì mú fóònù, ó tẹ̀ ẹ́ níbìkan, láti ìgbà náà obìnrin náà kì í dún mọ́ lọ́jọ́ Àìkú. Onígbàjámọ̀ lásán ló ṣe ohun tí káàdì ilé ìwòsàn kò lè ṣe, ẹnu dídùn ló ní.

Aago ilé wa kì í sọ òótọ́, nítorí náà kẹ́tùlù bàbá rẹ ni mo fi ń wọn àkókò. Bí mo bá gbé e kaná, mo mú gìtá, bí ó bá hó, mo gbé gìtá kọ́. Bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń lọ ni mò ń bu omi kún un. Bàbá rẹ wá ń mu tíì lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ife ń tóbi sí i, wọn ò sì ráhùn. Lójoojúmọ́ ni mo ń kọ ọ́ sínú ìwé bí Kò-kánjú ṣe wí, kì í ṣe iye ìṣẹ́jú, ohun tí ọwọ́ kọ̀ láti ṣe ni. Ọjọ́ Ajé, ìka òrùka kò fẹ́ dúró. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó dúró, ṣùgbọ́n ó ń ti ìka àárín. Ohun tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni kí ìka mẹ́ta jókòó lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n dìde, kí wọ́n tún lọ jókòó síbòmíràn láìfi ẹnì kankan sílẹ̀ lẹ́yìn. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n lè lọ kí omi tó hó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó di mọ́kànlá. Ní àná, ó jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, iná kan náà, kẹ́tùlù kan náà, omi nìkan ló pọ̀ sí i.

Mo ti lè ta orin kékeré yẹn tí o fi dá wa lágara ní ọdún tí o kọ́kọ́ ra gìtá, kì í ṣe gbogbo rẹ̀, apá kìíní nìkan. Nígbà tí mo ta á dé ibi tí mo mọ̀ dé tí mo dúró, bàbá rẹ fi imú kọ apá kejì láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí orin fi parí. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé àárò ariwo yẹn ti ń sọ àwọn tó bẹ́ẹ̀. Èmi náà ò mọ̀.

Ní ti ọwọ́ gan-an, màá sọ ọ́ fún ọ bí ó ṣe rí. Ìka kékeré tó gbẹ̀yìn kò tíì ká, nọ́ọ̀sì sì ní ó lè má ká mọ́. Àwọn mẹ́rin yòókù ti dé. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún, mò ń ká etí yẹ̀rì kan, mo ti rán an yí po tán kí n tó rántí pé mi ò wo ọwọ́ òsì lẹ́ẹ̀kan, pé òun ló ń darí aṣọ náà lọ fúnra rẹ̀. Mo pa máṣìnì, mo jókòó, mo ń wo ọwọ́ náà bí àlejò tó padà dé láìsọ tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ kẹta sí ìgbà náà ni ọ̀gá iléèwé wá. Yúnífọ́ọ̀mù ọdún yìí jẹ́ ọgọ́fà, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá kí àwọn gbé e fún mi tàbí kí àwọn gbé e lọ bá aránṣọ tó wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà. Ní ọdún mìíràn, màá ti sọ pé ẹ gbé e wá kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà màá pa ara mi ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní kí wọ́n jókòó, mo yí páálí Kò-kánjú síbi tó ṣófo, mo ṣírò rẹ̀. Ọwọ́ yìí lè rán méjì lóòjọ́ láìwú. Ọjọ́ mẹ́fà ló ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù kí iléèwé wọlé. Mo ní ọgọ́ta ni màá gbà, kí wọ́n gbé ọgọ́ta yòókù fún ti ìsàlẹ̀ ọ̀nà. Wọ́n ní láti ọdún tí àwọn ti ń gbé iṣẹ́ fún mi, àwọn ò gbọ́ kí n sọ iye tí mo lè ṣe rí. Wọ́n gbà. Aṣọ ọgọ́ta náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n dúró gbọ́ tẹnu rẹ kí n tó gbà á, mo sì bẹ̀ ọ́ pé kí o má bínú.

Bí ọwọ́ rẹ bá gbà á, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, fún okùn gìtá méjì, nítorí èyí tó fò mọ́ mi létí kọ́ ló já nìkan, fún tíì àti ṣúgà tí ìkẹ́kọ̀ọ́ mi ti jẹ tán, àti fún ẹni tó máa tún òrùlé tó tún ṣe tẹ́lẹ̀ ṣe. Yọ nǹkan díẹ̀ nínú rẹ̀ fún obìnrin inú fóònù, bí o bá ń kọjá níwájú ọ́fíìsì wọn, fi ra búrẹ́dì fún un. Ó ti gbìyànjú lórí mi, mi ò sì rí i kí ó simi rí àfi ọjọ́ Àìkú.

Mi ò fẹ́ kí o gba ọ̀rọ̀ ọwọ́ mi gbọ́ láti ẹnu mi lásán. Ṣẹ́ẹ̀tì kan wà nínú àpò tí awakọ̀ yóò gbé fún ọ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Èmi nìkan ni mo rán an, láti ibi gígé dé orí bọ́tìnì. Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà mí lẹ́yìn iṣẹ́ ojúmọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tú kọ́là rẹ̀. Yí i sí òdì kí o wo inú rẹ̀, má wo ojú rẹ̀ nìkan, ìwọ náà mọ ibi tí aránṣọ ń fi àṣìṣe pamọ́ sí. Bí ìlà òwú bá wọ́ níbìkan, rán mọ́tò wá, màá ti ilẹ̀kùn, màá bá ọ lọ, o ò ní gbọ́ ohùn mi. Bí ó bá tọ́, jẹ́ kí n wà níbi tí mo wà.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ rẹ, yóò máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ. O ò ní ṣàárẹ̀ níbi iṣẹ́, ẹni tó máa ràn ọ́ lọ́wọ́ kò ní sùn lé ọ. Ohun kan ló kù. Inú ìwé mi ni mo ti mú ìwọ̀n rẹ, èyí tí mo wọ̀n lára rẹ ní ọjọ́ tí ò ń lọ, ọdún kẹrin rèé, mi ò ní òmíràn. Bí ṣẹ́ẹ̀tì náà bá há ọ léjìká, bí apá rẹ̀ kò bá dé ọrùn ọwọ́ rẹ, má kà á sí ọwọ́ òsì mi lẹ́sẹ̀. Wá sílé kí n wọ̀n ọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, aránṣọ